Ṣé Béárì Gidi Ni, àbí Páńdà?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ tú ilé wa ká ní Ìmẹ̀sí-Lásìgídí nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá. Àbúrò mi kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wálé láti Èkó. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méje, jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo fíìmù ẹranko ọ̀rọ̀bọ̀ kan tó ń ja ìjà Ṣáínà. Bẹ́ẹ̀ ni Yèyé ń kọjá lọ. Wọ́n ti múra tán, ṣéènì góòlù tí Bàbá rà fún wọn nígbà tí owó kòkó ṣì jẹ́ owó sì wà lọ́rùn wọn. Ọmọ na ìka, ó figbe bọnu: "Yèyé, ẹ wo páńdà!"

Yèyé dúró. Wọ́n fọwọ́ bo ọrùn.

Ẹni tí kò bá ra góòlù lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà rí lè má mọ ohun tó dé. Páńdà ni wọ́n ń pe góòlù ayédèrú, èyí tó máa ń dán yinrin lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó sì máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò kí oyún ìyàwó tó yọ síta. O lè pe obìnrin ní òpùrọ́ kó dárí jì ọ́. Bí o bá pe ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ ní páńdà níwájú àlejò, bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀. Yèyé ò bá ọmọ wí. Ìyàwó àbúrò mi ni wọ́n kọjú sí: "Ìwọ lo sọ fún un, àbí ọkọ rẹ?"

Ẹ̀bẹ̀ ìdajì wákàtí ló mú wọn jókòó. Nígbà tí wọ́n gbà pé ẹranko ni, wọ́n tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu jù lọ tí mo tíì gbọ́ nípa rẹ̀: "Kí ló ṣe tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Àlàyé yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló túbọ̀ ń dá Yèyé lójú pé ẹni tó sọ ẹranko náà lórúkọ mọ ohun tó ń ṣe.

Mo ní béárì ni. Yèyé mọ béárì, ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ sí ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi mọ̀ ọ́n. Kò sí i nínú igbó wa, kò sí i ní gbogbo ilẹ̀ àwa èèyàn dúdú. Inú Bíbélì la ti pàdé rẹ̀: abo béárì méjì tó jáde láti inú igbó nígbà tí àwọn ọmọ kan ń fi orí pípá Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì fa méjìlélógójì ya nínú wọn. Èmi tí mò ń kọ ẹ̀fẹ̀ jẹun, n kò fẹ́ràn ìtàn yẹn rárá. Bóyá òun náà ló jẹ́ kí n lọ wá béárì tó ń jẹ ewé, kí n tó yanu.

"Béárì yìí ńkọ́," ni Yèyé wí, "ọmọ mélòó lòun fà ya?"

Mo ní kò fa ọmọ kankan ya, ọparun ló ń jẹ.

"Ọparun wo?"

"Ọparun náà, Yèyé. Èyí tí wọ́n fi ń gbé dẹ́kìn ró."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe àdúrà lé mi lórí. Òótọ́ sì ni mo sọ. Bí a bá dá ohun tí páńdà ń fi sẹ́nu sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ọparun: ewé rẹ̀, igi rẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀. Láàárín kílò 12 sí 38 ló ń jẹ lójúmọ́, á sì fi wákàtí 10 sí 16 jókòó tì í. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àfi pé òun máa ń tètè dé ibi iṣẹ́. Bó bá jẹun tán, á sùn. Bó bá jí, ọparun. Nígbà òtútù tí ọ̀pọ̀ béárì máa ń wọ ihò lọ sùn fún oṣù bíi mélòó kan, òun ò lè bá wọn lọ, nítorí ọparun kì í fún un lọ́rà tó lè tọ́jú pamọ́ sára. Ìyẹn ni pé, ọ̀lẹ tí kò rí àyè ṣọ̀lẹ dénú ni.

Ibi tó ti di ẹ̀sín ni pé inú ẹranko yìí kì í ṣe inú ajẹko. Ẹbí ajẹran ló ti wá: òun, kìnnìún, ẹkùn, ajá, ológbò àti ẹtà, agboolé kan náà ni wọ́n. Tí ẹ bá wá ya agboolé yẹn sí ojúlé, ojúlé ajá ni béárì wà, kì í ṣe ti ológbò. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ará Oǹdó gbọ́ o, kó má lọ gbé ata sí iná.) Ìfun páńdà kúrú bíi ti ajá. Kò ní àpò ikùn mẹ́rin tí màlúù fi ń lọ koríko kúnná. Nínú ọgọ́rùn-ún ọparun tó bá gbé mì, bíi mẹ́tàdínlógún ló ń ṣe é lóore, ìyókù ń gba ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó fi wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi lè yàgbẹ́ tó ogójì ìgbà lójúmọ́. Ọgbà ẹranko kan wà ní Chiang Mai ní ilẹ̀ Táílàndì tó ti fi ìgbẹ́ páńdà ṣe ìwé rí, torí pé ọparun inú rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìwé gidi o, tí èèyàn lè kọ ẹ̀fẹ̀ sí.

"Ọmọ alápatà tó ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀," ni Yèyé wí. "Ṣé ẹran ò dùn mọ́ ọn lẹ́nu ni?"

Kò dùn mọ́ ọn lóòótọ́. Jíìnì tó ń jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn ẹran ti kú lára rẹ̀ láti àìmọye ọdún. Síbẹ̀, bó bá kọsẹ̀ lára òkú ẹran, tàbí tí eku kan bá ṣèèṣì kọjá lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, kò ní wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ irú alàgbà tó ń gbààwẹ̀, tó ní òun kàn ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí iyọ̀ má baà pọ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo mọ̀ pé ará Ìbàdàn kan ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó bóyá ojú máa ti ará Èkìtì láti bú ẹlòmíràn pé oúnjẹ kan ṣoṣo ló mọ̀. Kò tì wá. Lóòótọ́, à ń jẹ iyán láàárọ̀, à ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, bó bá sì dalẹ́ a máa yí orúkọ rẹ̀ padà sí uyán kó lè dà bí oúnjẹ mìíràn. Bí o bá gbé ìrẹsì fún wa, a ó jẹ ẹ́ tán, a ó dúpẹ́, a ó wá bi ọ́ pé ìgbà wo ni oúnjẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n iyán ń wọ ara wa. Ẹ wo ọrùn Tíṣà.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí Yèyé fẹ́ràn lára páńdà. Mo ní ìka mẹ́fà ló ní lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn là. "Hàà! Olúgbódi ni!" Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí wọ́n kí i. Orúkọ àmútọ̀runwá kì í ṣe nǹkan kékeré nílé wa. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Mo tún la ẹnu pé ìka kẹfà kì í ṣe ìka, egungun ọrùn ọwọ́ kan ló gùn jáde tó ń ṣe bí àtàǹpàkò, òun ni páńdà fi ń di igi ọparun mú. Yèyé padà jókòó.

"Àtàǹpàkò páńdà," ni wọ́n wí.

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni Tíṣà yọ. Ilé tí kò bá ní purofẹ́sọ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ní Èkìtì, yóò ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tíṣà sì le ju purofẹ́sọ̀ lọ: purofẹ́sọ̀ máa ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó rí báyìí, tíṣà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ò tíì jókòó tó fi ní irọ́ ni mò ń pa, pé páńdà kì í ṣe béárì, mọ̀lẹ́bí raccoon ni, òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní 1974, ọmọ kan sì ti di dókítà nínú kíláàsì yẹn.

Kò jẹ̀bi. Àríyànjiyàn yìí gba ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀wé jù wá lọ. Àlùfáà Faransé kan, Armand David, rí awọ páńdà ní Ṣáínà ní 1869, ó pè é ní béárì. Ọdún kejì, Alphonse Milne-Edwards tú egungun àti eyín rẹ̀ wò ní Paris, ó ní béárì kọ́, pé páńdà pupa ló jọ. Láti ìgbà náà, àwọn kan ń fà á sí ọ̀tún, àwọn kan ń fà á sí òsì, bí oyè tí ìdílé méjì ń jà sí. Àwọn Ṣáínà fúnra wọn ń pè é ní ológbò-béárì ńlá, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Ó di 1985 kí Stephen O'Brien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi àyẹ̀wò àbùdá parí ẹjọ́: béárì ni, ó kàn ti kó kúrò nínú agboolé láti nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ọdún ni. Ní 1985, Tíṣà ti di ọ̀gá ilé ìwé. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún un?

Orúkọ ńkọ́? Ẹ̀tàn gidi wà níbẹ̀. Páńdà pupa ló ni orúkọ. Láti 1825 ni Frédéric Cuvier ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, ọdún mẹ́rìnlélógójì kí ará Yúróòpù kankan tó gbúròó èyí tó tóbi. Ẹranko kékeré ni, kò ju ológbò tó jẹun yó lọ, ìrù rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ pọ́n bí epo, orí igi ló máa ń sùn. Òun náà ń jẹ ọparun, òun náà ní àtàǹpàkò egungun. Ṣùgbọ́n béárì kọ́ rárá. Ó dá ìdílé tirẹ̀ ní, raccoon àti skunk ni wọ́n jọ ń pín ẹran iléyá. Èyí tó tóbi dé lẹ́yìn, wọ́n rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, wọ́n fún un lórúkọ. Lónìí, bí wọ́n bá rí ẹni tó ni orúkọ, wọ́n á ní, "Ìwọ wo nìyí? Ṣé àbúrò páńdà ni ọ́?"

Ohun tí ojú páńdà pupa ń rí, ojú ará Ìmẹ̀sí-Lásìgídí ti rí i. Kí o sọ níbi òde pé Ìmẹ̀sí lo ti wá. Àgbàlagbà kan á gbọn ọwọ́ rẹ jìgìjìgì: "Ìmẹ̀sí! Níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886!" O ní rárá, Ìmẹ̀sí-Ilé nìyẹn, Ọ̀ṣun ni wọ́n wà, tiwa wà ní Èkìtì. Ọwọ́ tó ń gbọn á dẹ̀. O ní Lásìgídí ni tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Ṣé Lásgídí? Èkó lẹ ti wá nìyẹn!" Ará wa kan wà tó wọ ọkọ̀ "Ìmẹ̀sí, Ìmẹ̀sí!" ní Òṣogbo, ó sùn lọ. Ìgbà tó lajú tó rí òkè tí kò mọ̀, ó rò pé òun ti kú.

Ọmọ Èkó wa bèèrè bóyá páńdà máa ń bu èèyàn jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, béárì ni béárì ń jẹ́, eyín ajẹran ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2006, ọkùnrin kan mu bíà yó ní Beijing, ó lọ sí ọgbà ẹranko, ó fo ọgbà wọlé tọ páńdà kan tó ń jẹ́ Gu Gu, ó lóun fẹ́ gbá a mọ́ra. Gu Gu bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Inú bí ọkùnrin náà. Òun náà tẹ̀ síwájú, ó bu Gu Gu jẹ lẹ́yìn. Nínú àwọn méjèèjì, èmi ò mọ èyí tó yẹ kí wọ́n tì mọ́lé.

"Bíà ló fà á," ni Tíṣà wí. "Ẹmu kì í ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀."

Mo rántí alẹ́ ọjọ́ tí ẹmu ní kí Tíṣà dọ̀bálẹ̀ kí òpó iná, ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó páńdà ni a ní kí ọmọ lọ bu omi wá kí a tó dá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni abo páńdà máa ń fẹ́ rí ojú akọ, fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta péré. Akọ mọ̀ pé àyè ò pọ̀, nítorí náà á ti lọ lẹ ìkéde mọ́ igi: á fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, á gbé ìdí sókè, á wá tọ̀ sára igi níbi tó bá lè ga dé, kí abo tó bá ń gbóòórùn rẹ̀ lè rò pé òmìrán ló kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kò sí ohun tuntun nínú kí ọkùnrin máa fi àwòrán ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ọjọ́ mẹ́ta yẹn bá kọjá, ó di èèmíì. Wọ́n gbé Chi Chi tó wà ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Mọsko ní 1966 kó lọ fẹ́ An An. Kò gbà. Ní 1968 wọ́n gbé An An wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Chi Chi tún ní òun ò rí i. Alárinà tó bá gba owó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì á ti sá lọ. Ti Edinburgh ló wá burú jù: Tian Tian àti Yang Guang dé Skọ́tlàǹdì ní oṣù Kejìlá 2011, wọ́n padà sílé ní oṣù Kejìlá 2023. Ọdún méjìlá. Ọmọ, kò sí.

"Ìyá ọkọ ò ha sí ńbẹ̀ ni?" ni Yèyé bèèrè. Wọ́n wo ìyàwó àbúrò mi, tó bí mẹ́ta láàárín ọdún márùn-ún, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún un fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó parí ọ̀rẹ́ Yèyé àti páńdà ni ìbejì. Ọmọ páńdà kò ju nǹkan bíi 100 gíráàmù lọ nígbà tí wọ́n bá bí i, ó pọ́n, ojú rẹ̀ dì, bí ọmọ òkété ló rí. Ìyá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 900. Ìbí ìbejì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Nínú igbó, bí ìyá bá bí méjì, ọ̀kan ló máa ń gbé mọ́ra, á fi ìkejì sílẹ̀, torí wàrà ọparun ò lè tó ọmọ méjì. Yèyé gbọ́ èyí, wọ́n fi gèlè nu ojú. Nílẹ̀ Yorùbá! Ibi tí à ń gbẹ́ ère fún ìbejì tó kú, tí à ń wọṣọ fún un, tí à ń fún un lóúnjẹ! Mo yára sọ pé ní ọgbà ẹranko, àwọn olùtọ́jú ti gbọ́n, wọ́n máa ń pààrọ̀ ọmọ mọ́ ìyá lọ́wọ́, kó lè fún Táyé lọ́mú nísinsìnyí, kó fún Kẹ́hìndé bó bá yá, láìmọ̀ pé méjì ni wọ́n. Yèyé ní ìyá tí kò mọ iye ọmọ tó bí, kó má tún jẹ́ kí òun gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé yìí.

Ṣùgbọ́n owó dé, etí Yèyé sì padà ṣí. Ṣáínà kì í ta páńdà, ó ń yá wọn lọ ni. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ takọtabo lè san tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, ọdún mẹ́wàá ni àdéhùn sì sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá bímọ níbẹ̀, Ṣáínà ló lọmọ. Owó orí tí a ń san lọ́dọọdún, tí ọmọ sì tún ń padà sílé ìyàwó! Àwọn àna wa ní Ìkẹ́rẹ́ ò tíì mọ èyí, ẹ má sọ fún wọn. Iye páńdà tí wọ́n kéde pé ó kù nínú igbó ní 2015 jẹ́ 1,864, kò tó èrò ìnáwó òkú ọlọ́jọ́ kan ní Adó. Nítorí pé wọ́n ń dáàbò bo igbó ọparun, ní 2016 wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ẹranko tí ewu ìparun wọn le, wọ́n fi sí ìpele tó rọjú díẹ̀. Ìnàkí wà nínú igbó ọba Ìsẹ̀ tó múlé gbè wá níbí, àwọn tó kù síbẹ̀ ò sì pọ̀. Mọ̀lẹ́bí wa gan-an nìyẹn, kò sí ẹranko tó sún mọ́ èèyàn jù ú lọ. Ẹ̀rọ agégi ló ń kí i káàárọ̀. Kò sí ẹni tó wá yá a lọ́wọ́ wa ní kọ́bọ̀, bóyá nítorí pé òun ò lé tìróò.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kí n lè fi ọ̀rọ̀ rere kan sin páńdà dé ẹnu ọ̀nà, mo ní láti 1982 ni Ṣáínà ti ń fi wúrà rọ owó ẹyọ tí àwòrán páńdà wà lára rẹ̀. "Yèyé, wúrà gidi ni. Páńdà tí kì í ṣe páńdà wà láyé."

Ọmọ gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Yèyé, tiyín ńkọ́?"

Ilé pa rọ́rọ́. Àbúrò mi ní kó má jẹ́ nǹkan bàbàrà, alágbẹ̀dẹ góòlù kan wà ní Adó, á fi ha òkúta, á kán ásíìdì lé e, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé a ó ti mọ̀. Tíṣà ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn, òun fara mọ́ ọn.

Yèyé ki ṣéènì bọ inú bùbá.

"Bàbá yín ló fi í sí mi lọ́rùn," ni wọ́n wí. "Bí alágbẹ̀dẹ bá ní páńdà ni, èwo nínú yín ló máa lọ jí wọn kí wọ́n wá ṣàlàyé?"

Wọ́n ní kí ọmọ pa tẹlifíṣọ̀n, kó lọ fọwọ́, uyán ti délẹ̀.